Láítà Onísùúrù

Ọkùnrin kan ló lóṣòó sí àárín ọ̀nà, ó fi ọwọ́ lẹ́rán, ó ń wo ìjàpá. Ọkọ̀ agbégẹdú rẹ̀ dúró gbọnin lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn ọkọ̀ yòókù tò sẹ́yìn tirẹ̀, wọ́n ń fọn fèrè, àwọn awakọ̀ sì ń bú u bí ẹni tó jí ẹrù wọn kó. Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ìjàpá náà gbé ẹsẹ̀ kan, ó sinmi, ó wá ń rò ó bóyá kí òun gbé ìkejì.

Ọmọbìnrin ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ẹnubodè igbó ìjọba jáde wá wo ohun tó fa ariwo. Aláfèrè ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí fèrè kékeré tó máa ń fi kọ́ ọrùn. Kò sí agégi tó ti yọ́ wọ igbó yẹn rí tí kò mọ ohùn fèrè náà. Ó ti fi í sẹ́nu lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè fọn ọ́n.

"Ṣé o ò lè gbé e kọjá ni?"

"Mo gbìyànjú ẹ̀, ọ̀gá. Ó fi orí pamọ́, ó ní òun ò lọ mọ́. Mo wá ń bẹ̀ ẹ́."

"O ń bẹ ìjàpá?"

"Ta ló kéré jù láti bẹ̀? Ẹ wò ó, ó ti ń lọ."

Lóòótọ́, ìjàpá ti ń lọ. Nígbà tó wọ koríko tán, ọkùnrin náà dìde, ó gbọn eruku sòkòtò, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Aláfèrè. Ẹ̀rín yẹn kò le, kò sì pẹ́, àmọ́ ó ṣe iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe.

Ọ̀nà tó fẹ́ gbà la inú igbó já. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba ibẹ̀, iná kì í bá a wọlé. Agolo ńlá kan wà lórí tábìlì ẹnubodè. Inú rẹ̀ ni ìṣáná àti láítà gbogbo ń sùn títí ẹni tó ni wọ́n á fi padà dé. Òfin náà kò yọ ẹnì kan sílẹ̀, kódà àwọn ẹ̀ṣọ́ kì í mú iná wọ igbó. Ọkùnrin náà yọ láítà pupa kan lápò, ó jù ú sínú agolo.

"Sìgá lò ń mu?" Aláfèrè béèrè.

"Rárá o. Okùn tí mo fi ń di gẹdú ni mo máa ń fi í jó lẹ́nu, kó má baà tú."

"Ó dáa, Onísùúrù. Kọjá."

Bó ṣe sọ ọ́ lórúkọ nìyẹn. Nígbà tí ọkọ̀ náà padà dé ní ìrọ̀lẹ́, Onísùúrù kí i, ó júwọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ láìbéèrè láítà. Ó yẹ kí Aláfèrè kó ohun tó ṣẹ́kù nínú agolo fún Ọ̀gá, àgbàlagbà tó jẹ́ olórí àwọn ẹ̀ṣọ́. Ó kó gbogbo rẹ̀. Láítà pupa yẹn nìkan ló já sí àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó sì de bọ́tìnnì lé e. Ó ní tó bá dọ̀la òun á fún Ọ̀gá. Ọ̀la dé, ó tún ní ọ̀la.

Kò pẹ́ tí Onísùúrù fi padà wá. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá, kò sí gẹdú, kò sí ọkọ̀.

"Mo wá gba láítà mi."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó pupa. Ó kúrú. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò dà bí àwọn kan."

"A ṣì ń wá a. Padà wá."

Ó sì padà wá. Ó padà wá títí ọ̀rọ̀ náà fi di àwàdà láàárín wọn. Bó bá bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi Aláfèrè, wọ́n á jọ rin inú igbó. Aláfèrè fi àwọn igi tí bàbá-bàbá wọn bá níbẹ̀ hàn án, ó sì mú un dé àbàtà tó wà láàárín gbùngbùn igbó, níbi tí omi ti ń sun láti abẹ́ gbòǹgbò.

"Odò tó ṣàn lẹ́yìn ibi tí bàbá ẹ ti ń la gẹdú, ibí ló ti ń bọ̀," ó wí. "Tí àwọn igi yìí bá lọ, omi á tẹ̀ lé wọn."

Onísùúrù bu omi náà mu, ó sì bu fún Aláfèrè náà mu. Kí a má purọ́, ìfẹ́ ti wọ Aláfèrè lára. Bí ẹlòmíràn bá ń wa ọkọ̀ bọ̀, inú rẹ̀ á bàjẹ́ pé kì í ṣe Onísùúrù.

Ṣùgbọ́n ọmọ Bàbá Onígẹdú ni Onísùúrù, Bàbá Onígẹdú sì ti kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n gé apá àbàtà fún òun láti máa gé igi níbẹ̀. Ìjọba pe ìpàdé. Aláfèrè dìde níbẹ̀, ó sọ ti omi, ó sọ ti igi, kò sì fi ohùn tútù sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn á ro ọ̀rọ̀ náà títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi parí. Bí wọ́n ṣe jáde, ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí Bàbá ń sọ fún ọmọ rẹ̀.

"Ẹni tó dójú tì mí láàárín àwùjọ lo fẹ́ mú wá sílé fún mi? Kó má ṣẹlẹ̀ o!"

Nígbà tí Aláfèrè délé, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ kò dùn ju ìyẹn lọ. "Ọmọ mi, kò sí bí a ṣe máa ṣe ebòlò kó má rùn ìgbẹ́. Ọmọ onígẹdú ni. Igbó ni wọ́n ń fẹ́, kì í ṣe ìwọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un lọ́kàn. Nígbà tí Onísùúrù dé ẹnubodè, kò sí àwàdà lẹ́nu Aláfèrè.

"Ṣé o ti bá bàbá ẹ sọ̀rọ̀?"

"Mi ò lè bú bàbá mi, olólùfẹ́."

"Ta ló ní kó o bú wọn? Bá wọn sọ̀rọ̀ ni mo ní." Onísùúrù ń wo bàtà rẹ̀. Inú wá bí Aláfèrè. "Gba láítà ẹ, kó o máa lọ."

Ó ti ń tú bọ́tìnnì àpò rẹ̀ nígbà tí Onísùúrù gbá ọwọ́ náà mú. "Jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ ẹ," ó wí, ó sì yí padà. Kò wá mọ́ láti ọjọ́ náà. Aláfèrè sunkún, ó nu ojú, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó dùn ún jù ni pé etí rẹ̀ kò yé wá ìró ọkọ̀ agbégẹdú.

Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn fẹ́ parí gan-an ni iná sọ ní pápá òkè. Afẹ́fẹ́ ń tì í bọ̀ lọ́sàn-án gangan, èéfín bo oòrùn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ gbé àgbá omi kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n já ẹ̀ka tútù, wọ́n ń na iná. Bí wọ́n ṣe ń pa á níbí ló ń rú lọ́hùn-ún. Àbàtà kò jìnnà mọ́.

"Kò ní gbà báyìí!" Ọ̀gá pariwo. "Ẹ jẹ́ ká la ilẹ̀ sílẹ̀ kó fẹ̀, ká wá ti ibẹ̀ fi iná sí koríko, kó máa jó lọ pàdé rẹ̀. Iná tí kò bá rí nǹkan jẹ, kíkú ló máa kú."

Ṣùgbọ́n kí ni ọkọ́ àti àdá fẹ́ là kí iná tó dé? Aláfèrè ti ń rò pé ó ti parí nígbà tó gbọ́ ìró ẹ̀rọ. Katapílà kan ń bọ̀ láti ọ̀nà ibi ìlagi, Onísùúrù ló ń wà á. Bàbá Onígẹdú dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin mú, fìlà rẹ̀ ti bọ́ sọnù.

Katapílà ń la ilẹ̀, ó ń la ilẹ̀, títí ó fi dé ibi tí òkìtì gẹdú Bàbá dí ọ̀nà. Gbogbo ohun tí wọ́n gé lọ́dún náà ló wà níbẹ̀. Bí wọn kò bá tì í sínú pápá tó fẹ́ jó yẹn, ọ̀nà náà kò ní parí. Onísùúrù dá ẹ̀rọ dúró, ó wo ojú bàbá rẹ̀.

Bàbá wo òkìtì náà, ó wo iná, ó wo ọmọbìnrin tí èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di dúdú.

"Wà á lọ jàre!" ó kígbe. "Igi tó ti kú nìwọ̀nyí. Ká gba àwọn tó wà láàyè!"

Ilẹ̀ là tán. Ọ̀gá na ọwọ́. "Ẹ mú ìṣáná wá."

Ẹ̀ṣọ́ kan wo ojú èkejì. Gbogbo ìṣáná wà nínú agolo lẹ́nubodè, ẹnubodè sì jìnnà réré.

"Ẹ fẹ́ dáná, ẹ ò ní iná?" Bàbá Onígẹdú béèrè.

"Òfin ni, sà," Ọ̀gá dáhùn.

Aláfèrè tú bọ́tìnnì àpò rẹ̀, ó yọ láítà pupa náà jáde.

"Aláfèrè!" Ọ̀gá lanu. "Ìwọ tó gba ìṣáná lápò èmi náà lọ́jọ́sí!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá. Ẹ jẹ́ ká pa iná ná, kí ẹ tó lé mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣá a, kò ràn. Ó tún un ṣá. Koríko gba iná, iná náà sì sáré lọ pàdé ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì kan ara wọn bí àgbò, wọ́n ga sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì wálẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹ́kù fún wọn láti jẹ. Nígbà tí èéfín kúrò, igbó wà níbẹ̀, tútù yọ̀yọ̀, àwọn ẹyẹ sì ń pariwo láàárín rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ hó yèè, wọ́n gbé ara wọn sókè. Ọ̀gá ń sunkún, kò sì fi pamọ́.

Onísùúrù sọ̀ kalẹ̀. "Ṣé láítà mi nìyẹn?"

"A ti rí i," Aláfèrè fèsì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "O pẹ́ kó o tó wá."

"Mo ń sọ ohun tó o ní kí n sọ."

"Bi èmi léèrè!" Bàbá Onígẹdú dá sí i. "Láti ọjọ́ tó ti wá sọ fún mi pé o lé òun, kò jẹ́ kí n sinmi. Bí mo bá ń jẹun, omi àbàtà. Bí mo bá fẹ́ sùn, omi àbàtà. Mo bú u, kò bú mi padà. Mo dákẹ́ fún un, ó jókòó tì mí. Lówùúrọ̀ òní ni mo sọ fún un pé mo ti gbọ́, màá gba ìwé mi padà lọ́wọ́ ìjọba. Ìyàwó mi, ọkọ rẹ mọ èèyàn bẹ̀ o!"

Aláfèrè rántí ọkùnrin tó lóṣòó sí àárín ọ̀nà, tí gbogbo ayé ń fọn fèrè mọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí inú fi dùn ún.

"Ṣé o gbọ́ bí Bàbá ṣe pè ẹ́?" Onísùúrù wí. Ó mú ọwọ́ rẹ̀ tó dúdú fún eérú. "Ṣé wọ́n purọ́?"

"Wọn ò purọ́."

Ìyá Aláfèrè náà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òkìtì gẹdú, ó ní òun ti kó ọ̀rọ̀ ebòlò òun jẹ. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣe ìgbéyàwó lẹ́nubodè igbó. Ọ̀gá, tó kọ̀ láti lé ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, gbé agolo dání, ó ní ọkọ ìyàwó kò ní wọlé bí kò bá kọ́kọ́ tú àpò. Onísùúrù ju láítà pupa sínú rẹ̀, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Aláfèrè fẹ́ yà mú un.

"Fi í sílẹ̀," ọkọ rẹ̀ wí.

Ó dúró, ó wò ó. "Lọ́jọ́ ìjàpá yẹn, ṣé lóòótọ́ lo gbàgbé ẹ̀?"

"Ìyàwó mi," Onísùúrù wí, ó fi apá gbá a mọ́ra, "báwo ni ǹ bá ṣe rí ọ̀nà padà wá?"