Yàrá Ọmọ Salman

“Ìdí-igi wo lo ti wá?”

Lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé ńlá àtijọ́ kan ní Ẹ̀pẹ́ ni Bùọ̀dá Múdàṣírù, olùtọ́jú ilé náà, ti bi Ìtẹ́olúwa ní ìbéèrè yìí, níwájú ilẹ̀kùn kan tí wọ́n tì pa. Ìtẹ́olúwa ń wò ó bọ̀ọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, inú fúláàtì ní Itamaga, ní Ìkòròdú, ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ohun tó mọ̀ nípa igi kò ju igi máńgòrò aládùúgbò wọn lọ.

Bùọ̀dá Múdàṣírù rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó mẹ́rin ni bàbá tó kọ́ ilé yìí fẹ́. Ìyàwó kan àti àwọn ọmọ ẹ̀, ìdí-igi kan nìyẹn, oníkálukú ló sì ní yàrá tiẹ̀ lókè níbí. Èyí tó o dúró sí iwájú ẹ̀ yìí, ti Bàbá Salman ni. Ó ti lé lógójì ọdún tí wọ́n ti jáde nílé, a ò gbúròó wọn mọ́. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, Màmá Kúbúrátù tó wà nísàlẹ̀, ló ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Màmá ní àwọn ò ní ṣí i fún ẹnikẹ́ni, àfi Salman tàbí ọmọ Salman.”

Ọjọ́ kejì ìrìn àjò ìsinmi wọn nìyí. Bàbá Ìtẹ́olúwa, Ọ̀gbẹ́ni Adétúnjí, ti fi ọdún mẹ́tàdínlógún wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó. Lọ́dún yìí, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó háyà mọ́tò fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ní òun ò fẹ́ dírẹ́bà kankan, òun fúnra òun ni òun máa wà á, kí òun àti ọmọ òun lè rí àwọn ilé àtijọ́ kí wọ́n tó wó tán. Lánàá, wọ́n yí Ìkòròdú po. Lónìí, wọ́n gba ọ̀nà Ìtoikín já sí Ẹ̀pẹ́. Ilé tí wọ́n bá ti dé ni wọ́n ti ń pìtàn fún wọn, gbogbo ìtàn náà sì ti lọ́ mọ́ra wọn lórí Ìtẹ́olúwa. Kò mọ ẹni tó kọ́ èwo mọ́, kò mọ ìyàwó ta ló bí ta. Bàbá rẹ̀ nìkan ló ń gbádùn ara rẹ̀. Táyà kan jò bí wọ́n ṣe dé iwájú ilé yìí, ló bá dúró ti ẹni tó ń bá wọn lẹ̀ ẹ́, ó ní kí ọmọ rẹ̀ máa wọlé lọ kí àwọn onílé.

Ṣùgbọ́n Ìtẹ́olúwa kò wá gbọ́ ìtàn. Láti ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi ni àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti ń da fọ́tò ìrìn àjò sórí wọ́sáàpù. Ṣìmí ti lọ sí Gánà, ó sì rí i dájú pé kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Nígbà tí Ìtẹ́olúwa gbé fọ́tò àwọn ilé Ìkòròdú síbẹ̀ lánàá, Ṣìmí kọ ọ́ pé, “Ṣé ilé ìyá àgbà yín nìyí? Ẹ bá wọn ra ọ̀dà o.” Gbogbo wọn fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dun Ìtẹ́olúwa wọra.

Ó ti yọjú wo inú ihò kọ́kọ́rọ́ kí Bùọ̀dá Múdàṣírù tó gòkè wá bá a. Gíláàsì aláwọ̀ pupa, búlúù àti yẹ́lò ló wà lójú fèrèsé yàrá náà, oòrùn sì gba inú wọn kọjá, ó tẹ́ àwọ̀ rẹpẹtẹ sórí bẹ́ẹ̀dì onírin kan. Fọ́tò kan ṣoṣo nínú yàrá yìí tó láti pa Ṣìmí lẹ́nu mọ́.

“Ọmọ Bàbá Salman ni bàbá mi, sà.”

Kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti fẹ́ sọ pé àwàdà lòun ń ṣe, ṣùgbọ́n Bùọ̀dá Múdàṣírù ti sáré sọ̀kalẹ̀, ó ń pariwo, “Màmá! Màmá! Ọmọ Salman ti dé o!”

Ìtẹ́olúwa rò pé ọkùnrin náà yóò kàn mú kọ́kọ́rọ́ wá ni. Àwọn ènìyàn ló gbọ́ tí wọ́n ń ya wọlé. Ẹnì kan ké Allahu Akbar. Ẹlòmíràn ti ń fóònù àwọn ẹbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Màmá Kúbúrátù, tó sún mọ́ ẹni ọgọ́rin ọdún, tí orúnkún kò jẹ́ kó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láti ọdún méjì sẹ́yìn, ló ń gun ún bọ̀ yìí, tó fọwọ́ kan di ògiri mú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ojú Ìtẹ́olúwa mú.

“Ẹ wo etí ẹ̀,” ó ní. “Etí Salman nìyí. Kò sí bí wọ́n ṣe lè purọ́ ẹ̀.”

“Imú náà ńkọ́?” ni obìnrin kan wí lẹ́yìn rẹ̀.

Ìtẹ́olúwa fọwọ́ kan etí ara rẹ̀. Nílé, etí ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa ń ní ó jọ. Báwo ni gbogbo ènìyàn ṣe wá ń rí ohun tí kò sí níbẹ̀? Orí rẹ̀ dàrú pátápátá. Fún ìgbà díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa ẹni tóun jẹ́.

“Kí lorúkọ ẹ, ọmọ mi?”

“Ìtẹ́olúwa, mà.”

Màmá tún orúkọ náà pè. “Ìtẹ́olúwa. Àṣé Salman wọ ṣọ́ọ̀ṣì ni?” Ó bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. “Kò burú. Ọlọ́run kan náà ni. Ẹ bá mi bu omi tútù wá!”

Wọ́n bu omi wá nínú abọ́. Nílé yìí, ẹni tó bá ti àjò tó pẹ́ dé kì í fi ẹsẹ̀ gbígbẹ wọ yàrá bàbá rẹ̀. Màmá kò gbà kí ẹlòmíràn ṣe é. Ó rọra gbé orúnkún tó ń dùn ún kúnlẹ̀, ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ Ìtẹ́olúwa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú ti Ìtẹ́olúwa débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde.”

“Jẹ́ n ṣe é, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ ṣe é.”

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Àwọ̀ tí Ìtẹ́olúwa ń wá nìyẹn lóòótọ́, pupa, búlúù, yẹ́lò. Ó gbé fóònù sókè, ó ya fọ́tò kan. Inú rẹ̀ kò dùn rárá, kò sì mọ ohun tó fà á tí kò fi dùn. Màmá ní kí àwọn yòókù fún àwọn láyè. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì onírin náà, ó fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kí Ìtẹ́olúwa wá jókòó.

“Ó yá, sọ fún mi. Ṣé Salman ṣì wà láyé?”

Ìtẹ́olúwa jókòó, ó sì yí fóònù dojú bolẹ̀ lórí itan rẹ̀.

“Tó bá ti kú, má bẹ̀rù, sọ ọ́. Gbogbo ọjọ́ tí mo bá kírun, mi ò mọ èwo ni kí n ṣe fún un, àdúà alààyè ni àbí ti òkú. Kí n ṣáà ti mọ̀ ọ́n, ọmọ mi. Ohun tí mo fẹ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù. Tó bá ní “ó ti kú,” Màmá yóò sunkún, wọn yóò ṣàdúà, òun àti bàbá òun yóò wọ mọ́tò, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Nísàlẹ̀, ó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀, ó gbọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń hó yè, tí wọ́n ń kí i káàbọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń dún lórí àtẹ̀gùn. Ìtẹ́olúwa wo ojú ìyá àgbà náà, ó sì rí i pé gbogbo ohun tóun bá sọ báyìí ni Màmá yóò gbà gbọ́. Ìyẹn ló dẹ́rù bà á jù. Ó kúnlẹ̀ gbì.

“Màmá, ẹ dárí jì mí. Mo purọ́ ni. Mi ò mọ Bàbá Salman. Mo kàn fẹ́ ya fọ́tò yàrá yìí ni.”

Irọ́ tó lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tirẹ̀ kò tó ogún ìṣẹ́jú, síbẹ̀ ó ti ṣọṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Adétúnjí wọlé, bàtà rẹ̀ tutù rin, nítorí wọ́n ti da omi sí i lẹ́sẹ̀ kó tó bi wọ́n pé kí ló dé. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń bẹ̀bẹ̀. Màmá kò wò ó. Ìtẹ́olúwa ló ń wò.

“Ǹ bá bínú,” ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. “Ṣùgbọ́n inú mi dùn, ọmọ yìí. Láti ìsàlẹ̀ títí dé ibí, mo ní àbúrò. Kí ni kí n wá fi ayọ̀ yẹn ṣe báyìí?”

Ìtẹ́olúwa tẹrí ba lórí ìkúnlẹ̀.

“Dìde,” ni Màmá wí. “Ẹnu tó pè wọ́n jọ ló máa tú wọn ká. Sọ̀kalẹ̀ lọ sọ fún wọn.”

Ó sọ̀kalẹ̀. Ó sọ ọ́ fún àwọn tó wà ní ìloro, ó sọ ọ́ fún àwọn tó wà lójúde, ó sì tún sọ ọ́ lórí fóònù fún àwọn ẹbí Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n ti wọ mọ́tò tí wọ́n ń bọ̀. Àwọn kan bú u, obìnrin tó ní imú rẹ̀ jọ ti Salman sì wò ó tìka-tẹ̀gbin. Bùọ̀dá Múdàṣírù kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ rárá. Ìtẹ́olúwa pa fọ́tò náà rẹ́ lójú wọn. Lókè, ó gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí padà nínú ilẹ̀kùn.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọ mọ́tò, Màmá Kúbúrátù pè é láti ojú fèrèsé. “Tẹ́ ẹ bá délé, kó o pè mí pé ẹ ti délé. Gba nọ́ńbà lọ́wọ́ Múdàṣírù. Ẹni tó bá jáde nílé yìí, kó máa jẹ́ n gbúròó ẹ̀.”

Èyí tún da Ìtẹ́olúwa lọ́kàn rú. Ṣé ó ti dárí jì í ni? Nígbà tí wọ́n kọjá Ìtoikín, bàbá rẹ̀ ní, “Ká ní o bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kó o wo yàrá yẹn, kí ni wọn ì bá ṣe? Wọn ì bá kọ̀ ni. Kíkọ̀ náà ò sì ní pa ẹ́. Irọ́ tó o pa, ìwọ nìkan lo mọ bó ṣe kéré tó. Ẹni tó gbà á gbọ́ ò mọ̀. Gbogbo ọkàn ẹ̀ ló fi gbà á.”

Wọ́n dé Itamaga kí oòrùn tó wọ̀. Ìtẹ́olúwa kò wo wọ́sáàpù. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó sì tẹ nọ́ńbà náà.

“Ta nìyẹn?” ni ohùn arúgbó kan bi í.

“Èmi ni, Màmá. Ìtẹ́olúwa. Ọmọ Adétúnjí, ará Ìkòròdú. A ti délé.”