Àyẹ̀wò Tí Kò Kọjá Ọ̀sà

Ìgbéraga ní òórùn, ẹ̀yin ènìyàn mi. Èyí tó wà lára Dosu, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ibereko, ọṣẹ dúdú pẹ̀lú kànrìnkàn kò lè bó o.

Dosu ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ń ṣọ́ fíríìjì oògùn ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Topo, lódìkejì ọ̀sà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì náà; bí inú rẹ̀ bá ń gbóná, ẹ̀rọ á ké. Abẹ́rẹ́ àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ló wà níbẹ̀. Ti Eunice, ìyá tó bí Dosu, wà láàárín wọn.

Ọ̀gá ní kí Dosu ṣètò àyẹ̀wò tí yóò máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ láràárọ̀. Láti ọ́fíìsì ni ètò awáṣìṣe, èyí tí ń wá àṣìṣe inú ètò mìíràn, yóò ti máa wọ inú ẹ̀rọ Topo, yóò máa dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró níbi kọ̀ọ̀kan, yóò máa tú inú rẹ̀ wò bí ẹni ń tú ìfun ẹja. Ṣùgbọ́n Dosu gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọkọ̀ kọjá ọ̀sà, kó lọ ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un nínú ẹ̀rọ náà.

Dosu wo bàtà funfun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ẹrẹ̀ èbúté. Ó jókòó, ó kọ àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tí ẹ̀dà ètò náà wà nínú rẹ̀, síbi tó yẹ kó kọ ti Topo sí.

Èmi tí mi ò mọ kọ̀ǹpútà, tí fóònù mi ń dédé pe pásítọ̀ láti inú ìró ìdí mi, ó yé mi kedere. Wọ́n ní kó lọ tọ́ ọbẹ̀ Topo wò, ìkòkò ara rẹ̀ ló ń tọ́ wò. Láràárọ̀ ni àmì àwọ̀ ewé ń yọ pé kò sí àṣìṣe, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Olúwagbọ́tèmi, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, bi í pé, "Dosu, iná ń lọ, iná ń bọ̀ ní Topo, àyẹ̀wò rẹ ò kọsẹ̀ rí. Ṣé ó ń débẹ̀ ṣá?"

"Gbàdúrà sí i kó o rí ìran, Ìyá Ìjọ," ni Dosu dáhùn. "Àdúrà yẹn náà ni kò jẹ́ kí ọkọ rí ẹ."

Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, iná já wọlé ní Topo pẹ̀lú agbára. Láti ọjọ́ náà, fíríìjì ń kùn lásán ni, kò tutù mọ́. Ètò Dosu tó yẹ kó ké kò jí padà. Kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ní bátìrì, iná kì í lọ lára rẹ̀, àyẹ̀wò kò sì rí nǹkan kan. Oògùn bàjẹ́. Eunice ń gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ omi lásán, egbò kékeré kan lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wá kẹ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún.

Nígbà tí ọ̀gá béèrè, Dosu ò ṣẹ́jú. "Bàbá Ẹnìtàn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ni. Ó ń yọ wáyà ẹ̀rọ láti fi ṣaájì fóònù àwọn apẹja. Ẹ wo àyẹ̀wò mi, kò lábàwọ́n."

Wọ́n lé bàbá náà bí ẹni lé ajá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Dosu jókòó ti ìyá rẹ̀ nílé ìwòsàn ní Àgbádárìgì, ni Bàbá Ẹnìtàn bá gbé ẹja yíyan wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti ewú orí.

"Ìyá Dosu, ẹ forí jì mí. Mi ò rántí pé mo fọwọ́ kan wáyà, àmọ́ ọjọ́ orí ti dé. Bó bá jẹ́ èmi ni, ẹ má gégùn-ún fún mi."

"Ẹ gé mi lẹ́sẹ̀ tán, ẹ gbé ẹja wá," ni Eunice wí. "Ẹ gbé e lọ. Ajá mi pàápàá ò ní jẹ ẹ́."

Bàbá náà ṣa ẹja rẹ̀, ó jáde. Eunice wá di ọwọ́ Dosu mú. "Ọlọ́run ṣeun tó fún mi ní ọmọ tó mọṣẹ́."

Dosu sáré jáde. Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ló ti bì sórí bàtà funfun rẹ̀. Ibẹ̀ ni Olúwagbọ́tèmi, tó wá kí Eunice, bá a, Dosu sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Mo máa tún ara mi ṣe," ni Dosu wí.

"O tún ti ń bi kọ̀ǹpútà ara rẹ léèrè," ni Olúwagbọ́tèmi dá a lóhùn. "Bàbá kan ru ẹ̀ṣẹ̀ rẹ lónìí, kò mọ̀. Jésù mọ̀ pé tìrẹ ni, Ó sì rù ú dé orí igi. Ṣí ọ̀nà fún Un kó wọlé, kó dé ibi tó ń rùn gan-an."

Dosu kúnlẹ̀ sínú èébì ara rẹ̀, ó ké pe Jésù.

Ó padà wọlé, ó sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá gbá a létí. Ó sọ fún ọ̀gá, iṣẹ́ bọ́. Ó wọkọ̀, ó tẹ ẹrẹ̀ Topo, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ẹnìtàn lójú gbogbo apẹja. Wọ́n dá bàbá náà padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹsẹ̀ ò hù padà. Dosu ló ń gbé ìyá rẹ̀ lọ sílé ìwẹ̀ báyìí. Bó bá ti gbé e nílẹ̀, ìyá á bi í pé, "Ọmọ tó mọṣẹ́, ṣé a ti dé Topo?" Dosu á ní, "A ti dé, Màámi." Ó ń dùn ún, àmọ́ kì í sá mọ́, nítorí Ẹni tó rí gbogbo inú rẹ̀ ti dárí jì í.

Ìwọ tí ò ń kà á, fi Dosu rẹ́rìn-ín tán, kó o wo ara rẹ. Ìwọ lò ń bi ara rẹ pé ṣé o dáa, ìwọ náà lò ń dáhùn pé o dáa. Ẹsẹ̀ ta ló ń kẹ̀ nítorí rẹ? Ta ló ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí ìwọ ṣe? Pe Jésù wọlé lónìí, níbi tó o jókòó sí yìí. Ẹrẹ̀ wà ní èbúté náà, mo mọ̀. Tẹ̀ ẹ́.