Ìdáhùn Bàbá Bussaba

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ yíyan ló fà á. Ègé kan ṣoṣo ló kù lórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù kọfí tí a ti ń jẹun àárọ̀ ní ìlú Trang, ní Thailand. Mo nawọ́ sí i báyìí, ni ọmọbìnrin kan bá gbé e sẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ó ní, ẹnu rẹ̀ kún. "Láti ìdájí ni mo ti wà nínú oko rọ́bà. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ti ṣe láti àárọ̀?"

"Kọ̀ǹpútà ni mo ń tún ṣe."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Iṣẹ́ ìjókòó. Kò yẹ kí ebi tíì pa yín."

Bussaba lorúkọ rẹ̀. Kí n má parọ́ fún yín, ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lára lójú ẹsẹ̀, mi ò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní.

Bàbá rẹ̀, Bàbá Prasong, ló máa ń ṣáájú àdúrà ní tẹ́ńpìlì Búdà abúlé wọn. Nígbà tí mo lọ tọrọ ọmọ, wọ́n fún mi lómi tútù, wọ́n wo irun orí mi dáadáa.

"Kriang, ṣé o ti fárí wọ tẹ́ńpìlì rí, bí ọkùnrin ṣe máa ń ṣe kó tó gbéyàwó?"

"Rárá, Bàbá."

"A jẹ́ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ṣì ni ọ́. Mi ò lè gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú fún ọmọ mi. Ìgbà tí o bá pọ́n, kí o padà wá."

Lọ́dún náà ni Bussaba ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Taiwan, ó sì lọ. Èmi náà fárí, mo wọ aṣọ tẹ́ńpìlì, mo jókòó síbẹ̀ títí àsìkò òjò fi parí. Wọ́n ní kí n máa ronú lórí èémí mi. Bussaba ni mo ń ronú lé.

Ọjọ́ tí mo jáde, ó pè mí. "Orí bọ́ọ̀lù mi, ṣé o ti pọ́n báyìí?"

"Mo ti pọ́n débi pé mo fẹ́ jábọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní òun ti béèrè ọ̀rọ̀ wa lọ́wọ́ bàbá òun, wọ́n sì ní Sunday tó ń bọ̀ làwọn máa dáhùn. "Àmọ́, ọkàn mi, mo ti ṣèlérí fún wọn pé a ò ní bára wa sọ̀rọ̀ títí di ìgbà yẹn. Tó bá jẹ́ rárá ni, màá fọwọ́ síwèé iṣẹ́ ọdún méjì sí i níbí. Mi ò lè máa rí ẹ lójú ọ̀nà lójoojúmọ́ kí o má jẹ́ tèmi."

Gbogbo Sunday ni òun àtàwọn òbí rẹ̀ ń ríra lójú kọ̀ǹpútà ilé wọn. Mo dúró. Sunday yẹn kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún dé. Fóònù mi kò dún. Àárò rẹ̀ sọ mí débi pé bí ègé ẹran kan bá kù lórí tábìlì, mi ò nawọ́ sí i mọ́.

Ní Sunday kan ni Mama Lamai, ìyá rẹ̀, yọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

"Kriang, kọ̀ǹpútà wa ń tàn o, àmọ́ kò ṣí ibì kankan. A ò ní fóònù, a ò sì rí ọmọ wa láti ọjọ́ tí àrá sán."

"Ṣé kí a pè é lórí fóònù mi?"

"Yé! Bàbá Bussaba ní bí ohùn ẹnikẹ́ni bá ti inú fóònù rẹ dé etí ọmọ náà, ìlérí ti bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n tiẹ̀ ní ìwọ lo jókòó síbí tí o ba kọ̀ǹpútà jẹ́, torí ò ń bẹ̀rù ìdáhùn wọn."

Mo gbé alùpùpù mi, ó di ilé wọn.

Mo fi aṣàwákiri kan, ètò tí a fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣí ìkànnì tí wọ́n fi ń rí ọmọ wọn, ó kọ̀. Mo gbìyànjú òmíràn, òun náà kọ̀. Ẹ̀kẹta kò yàtọ̀. Mo pa àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo tún un tàn, pàbó. Mo wá so fóònù mi mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kan náà, gbogbo nǹkan ṣí gbayawu. A jẹ́ pé kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló lẹ́jọ́.

Bàbá dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀. "Ẹni tó bà á jẹ́ ló yẹ kó mọ ibi tó gbà."

Ìgbà náà ni mo wo igun ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Ọdún 2567 ló wà níbẹ̀. Ojú mi ti kọjá lára rẹ̀ láìmọye ìgbà, torí òun náà ló wà lára kàlẹ́ńdà ògiri wọn. Ta ló máa fura sí ọdún ara rẹ̀?

"Bàbá, ta ló tún ọjọ́ inú rẹ̀ kọ lẹ́yìn àrá?"

"Èmi ni. Ó ń parọ́ fún mi pé ọdún 2000 la wà. Àbí 2567 kọ́ ni?"

"Òun ni, Bàbá, bí a ṣe ń kà á láti ìgbà tí Búdà kú. Kọ̀ǹpútà ni kò mọ ọdún wa, ti òyìnbó ló ń kà, 2024. Ìkànnì kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé ẹ̀rí tó ní ọjọ́ ìparí. Kọ̀ǹpútà rò pé ìwé gbogbo wọn ti kú tipẹ́, ló bá tilẹ̀kùn mọ́ wọn."

Mo tún ọdún náà kọ, ìkànnì ṣí. Mo tẹ orúkọ Bussaba láti pè é, mo sì sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri nítorí ìlérí.

"Bàbá? Mama?" Ohùn Bussaba nìyẹn.

"Ọmọ mi, kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́," Bàbá Prasong ní. "Èmi ni mo bà á jẹ́. Láti Sunday yẹn ni ìdáhùn ti wà lẹ́nu mi. Mo gbà. Kí Kriang fẹ́ ọ."

Bussaba bú sẹ́kún.

"Bàbá, mo rò pé ìdákẹ́jẹ́ yín ni ìdáhùn. Mo fọwọ́ síwèé iṣẹ́ náà lánàá. Ọdún méjì."

Mama Lamai jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ní tèmi, ayọ̀ àti ìbànújẹ́ dé bá mi lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ sun ẹkún rẹ̀.

Bàbá bojú wẹ̀yìn. "Kí lò ń ṣe lẹ́yìn ògiri?"

"Ìlérí ni, Bàbá."

"Ìlérí ti tán." Wọ́n sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àga. "Gbogbo Sunday ni kí o máa wá. Jókòó níbí. Sún mọ́ mi dáadáa, ọmọ mi, kó lè rí ẹ."