Gbogbo Ẹsẹ̀ Kúrò Nílẹ̀

"Tún un kà," ni Tíṣà Miludi wí, pàṣán wà lábẹ́ abíyá rẹ̀.

Tafsut tún un kà. Láti Yemen ni àwọn baba ńlá wa ti gun ràkúnmí wá. Ọmọ Lárúbáwá ni gbogbo wa. Èdè kan ṣoṣo ni ilẹ̀ yìí ní, ẹni tó bá ní òun ń sọ òmíràn, ọ̀tá ìlú ni. Ohùn rẹ̀ já gaara. Rabia ni tíṣà ń pè é, nítorí orúkọ tí wọ́n gbà láti kọ sínú ìwé ìjọba nìyẹn. Tafsut tí ìyá àgbà sọ ọ́, inú ilé nìkan ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Orí òkè Nafusa ni ilé ìwé wọn wà, ní ilẹ̀ Líbíà, láyé ìjọba tó ti ṣubú. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá mẹ́ta ń bọ̀ láti olú-ìlú wá gbọ́ ọ. Bó bá kà á bó ṣe yẹ, wọn yóò mú un lọ sí ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin ní Tripoli, ibi tí wọ́n ti ń múra àwọn tó fẹ́ di dókítà sílẹ̀. Iṣẹ́ dókítà wù ú débi pé ó ń lá a lálàá. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà níbẹ̀ tó ń já a láyà. Wọ́n ti mú àbúrò bàbá rẹ̀ nítorí kásẹ́ẹ̀tì orin kan tí wọ́n kọ ní èdè ilé, èdè àwọn ará òkè náà tí ìjọba fòfin dè; ọkùnrin náà kò sì tíì padà. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ funfun kan ti máa ń dúró ní ọ̀kánkán ilé wọn, tí ẹnikẹ́ni kì í sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀.

Sasi, bàbá rẹ̀, tó ń fún epo ólífì, ti rẹ ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kó di odi. "Ògiri létí," ló wí lálẹ́ ọjọ́ náà. "Kà á fún wọn, ọmọ mi. Bóyá wọ́n á fi wá lọ́rùn sílẹ̀."

Ìyá àgbà, tí gbogbo ilé ń pè ní Nánà, ń bu búrẹ́dì báálì sínú epo. "Èmi ò mọ Yemen o," ló wí ní èdè ilé. "Ẹni tó gbin igi ólífì ẹ̀yìnkùlé yìí, ibí ni wọ́n bí i, ibí ni wọ́n sin ín sí. Àbí igi náà ló gun ràkúnmí wá?"

Aksil, àbúrò Tafsut, bú sẹ́rìn-ín. Kò tíì tó ilé ìwé lọ; ọwọ́ Nánà ló ń dàgbà sí, èdè Nánà nìkan ló sì gbọ́. Bàbá sáré lọ ti fèrèsé.

Ní ọjọ́ kejì, gbọ̀ngán ilé ìwé kún fọ́fọ́ fún àwọn òbí àti ọmọ. Àwọn ọ̀gá mẹ́ta jókòó níwájú, Tíṣà Miludi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Nánà àti Aksil sì wà lórí ẹní nítòsí pẹpẹ. Tafsut gun orí pẹpẹ, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ti ka ọ̀rọ̀ ràkúnmí kọjá, ọ̀gá àgbà sì ti ń mi orí, nígbà tó rí àkeekèé dúdú kan tó yọ lábẹ́ pákó pẹpẹ, tó ń lọ tààrà sọ́dọ̀ Aksil.

"Má fọwọ́ kàn án!" ló kígbe ní èdè Lárúbáwá.

Ọmọ náà rò pé ara ìwé kíkà ni. Ó rẹ́rìn-ín sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, ó wá na ìka sí ohun dúdú tó ń rìn bọ̀.

Ẹ̀rù ba Tafsut. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí Aksil á gbọ́, èdè tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kà pé kò sí ni ọ̀rọ̀ náà sì wà. Ó wo àwọn ọ̀gá. Ó ro ti Tripoli, ó ro ti ọkọ̀ funfun.

"Tagardamt!" ló kígbe, orúkọ àkeekèé ní èdè ilé.

Gbogbo gbọ̀ngán gbé ẹsẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Aksil fò mọ́ Nánà lọ́rùn. Àwọn ìyá tó ti búra fún ìjọba pé Lárúbáwá nìkan làwọn gbọ́, wọ́n ti gun orí bẹ́ǹṣì. Tíṣà Miludi, tó ti na ìdajì ilé ìwé nítorí èdè náà, dúró lórí àga rẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́fà péré ló kù nílẹ̀, ti àwọn ọ̀gá mẹ́ta, àkeekèé sì ti kọjú sí bàtà ọ̀gá àgbà. Nánà bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó fi pa á.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àgbà wo òkú àkeekèé, ó wo àwọn èèyàn lórí bẹ́ǹṣì, ó wá wo Tíṣà.

"Kí ni ọmọ yẹn sọ?"

"Mi ò gbọ́ ọ, sà," ni Tíṣà Miludi wí. Kò rántí sọ̀ kalẹ̀ lórí àga.

Ọmọ ìlú mìíràn ni wọ́n mú lọ sí Tripoli. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ilẹ̀kùn ọkọ̀ funfun ṣí, wọ́n sì mú Bàbá lọ. Láti ìgbà náà ni oúnjẹ ti kọ̀ fún Tafsut. Nílé ìwé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń jókòó tì í kó ìwé rẹ̀ lọ sí àga ẹ̀yìn. Nílé, bí ilẹ̀kùn bá dún, Tafsut á rò pé òkú Bàbá ni wọ́n gbé wá. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ mú bàbá rẹ̀, ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn.

Ìgbà tí àwọn ará ìlú ti fún epo ólífì tán ni Bàbá tó padà, aṣọ rẹ̀ ti tóbi jù ú lọ. Ó jókòó sórí ẹní. Tafsut kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ forí jì mí."

"Ṣé àkeekèé náà ta Aksil?"

"Kò ta á, sà."

Bàbá wo fèrèsé tó ṣí sílẹ̀. "Kí lo kígbe lọ́jọ́ náà?"

Tafsut sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Mi ò gbọ́. Sọ ọ́ bó o ṣe sọ ọ́."

Ó kígbe ọ̀rọ̀ náà. Bàbá ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè kúrò lórí ẹní, ó sì ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Níta, ọkọ̀ funfun tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀rù ba gbogbo wọn, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó dìde lọ ti fèrèsé.

Àwọn àgbà ní bójú bá ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìjọba lè kọ ìtàn tó wù ú, kó sì ní ká kà á sókè, ẹnu wa sì lè gbà nítorí ẹ̀rù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ewu bá yọjú, ẹsẹ̀ wa ló máa jẹ́rìí ẹni tí a jẹ́.