Fọ́tò Tí Wọ́n Yọ Kúrò Nínú Fáìlì

Ọmọbìnrin kan ń fi èékánná tú pínnì tó ti dógùn-ún kúrò lára ìwé kan nígbà tí òjìji bo tábìlì rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ̀ fún mi nínú ìmọ́lẹ̀," ó wí, kò gbójú sókè.

Òjìji náà yẹ̀. Ìgbà náà ló tó wòkè. Ọkùnrin gíga kan dúró níwájú rẹ̀ nínú káàkí tí wọ́n lọ tó gún régé, fìlà lábẹ́ abíyá, eruku ọ̀nà jíjìn lára bàtà. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

"Sájẹ́ǹtì ni mí. Wọ́n ní fáìlì mi wà lọ́wọ́ yín."

"Fáìlì gbogbo sájẹ́ǹtì ló wà lọ́wọ́ mi. Èwo ni tiyín?"

"Èyí tó dà bíi pé òjò pa á."

Ó wá a. Lóòótọ́ ni, òjò ti pa á.

Nígbà yẹn, kọ̀ǹpútà kò tíì wọ ọ́fíìsì. Yàrá gígùn kan ni, páànù lókè, àpótí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, fáìlì ọmọ ogun kún inú wọn. Lọ́dọọdún ni ìgbìmọ̀ ìgbéga ń jókòó. Wọn kì í rí ọmọ ogun fúnra rẹ̀. Fáìlì rẹ̀ ni wọ́n ń rí: ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ohun tí ọ̀gá rẹ̀ sọ nípa rẹ̀, àti fọ́tò kan tó fi í hàn láti orí dé ẹsẹ̀. Bí fáìlì bá rí wúruwùru, ọmọ ogun náà rí wúruwùru nìyẹn.

Iṣẹ́ ọmọbìnrin náà ni láti tún fáìlì ṣe kó tó dé iwájú wọn. Òun kì í ṣe ológun. Akọ̀wé ni. Ojú Àṣá ni wọ́n ń pè é, nítorí pé àṣìṣe kì í kọjá níwájú rẹ̀.

Ó ṣí fáìlì náà. "Ìgbìmọ̀ ti fò yín lẹ́ẹ̀mejì."

"Mo mọ̀."

"Bí wọ́n bá tún fò yín lọ́tẹ̀ yìí, ẹ máa bọ́ káàkí sílẹ̀ ni."

"Ìyẹn náà, mo mọ̀ ọ́n."

Ó gbé fọ́tò kan sókè. Ọ̀dọ́mọkùnrin tín-ín-rín kan ni, etí méjèèjì yọ síta lábẹ́ fìlà. "Ta nìyí?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin wo?"

"Èmi kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ní tábìlì kejì, akọ̀wé kejì, ọkùnrin kan, wò wọ́n, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe ìyẹn, torí kì í kánjú. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń gbẹ́ pẹ́ńsù fún Ojú Àṣá láràárọ̀. Kò sọ ìdí rẹ̀ rí. Gbogbo ọ́fíìsì ló mọ̀ ọ́n.

Wọ́n fún sájẹ́ǹtì láyè kó wá àwọn ìwé rẹ̀ tó sọnù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń mú wọn wá.

"Ṣé ẹ ò lè kó wọn pọ̀ ni?"

"Wọ́n wúwo."

"Ìwé pẹlẹbẹ kan ṣoṣo?"

"Bí èèyàn bá ń gbé e bọ̀, ó ń wúwo sí i ni."

Bí wọ́n bá ṣíwọ́, sájẹ́ǹtì máa ń sìn ín dé ilé. Ìyá ọmọbìnrin náà ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kúrò lórí ẹ̀rọ. Sájẹ́ǹtì á dọ̀bálẹ̀, á kí i, á tún kí i.

"Ọmọ yìí mọ èèyàn kí," ìyá wí lọ́jọ́ kan lẹ́yìn tó lọ tán. "Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀, kí ni yóò fi bọ́ ọ? Ìkíni?"

"Màmá, ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ jókòó ná."

"Èmi ti jókòó tèmi."

Nígbà tí ìwé pé, ó ku fọ́tò tuntun.

"Ẹ bá mi lọ," sájẹ́ǹtì bẹ̀ ẹ́. "Bí mo bá dá lọ, ọmọ elétí yẹn ni wọ́n á tún yà."

Ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò há. Aṣọ dúdú kan wà lára ògiri, àga kan, òórùn oògùn tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò. Sájẹ́ǹtì tú áńkáṣíìfù. Àmì ẹ̀yẹ méjì ló wà nínú rẹ̀, ńlá kan tí wọ́n fún un nítorí ìgboyà, àti kékeré kan nítorí pé ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

"Ẹ bá mi fi wọ́n sí àyà. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sójú ogun?"

"Ogun ò wò mí báyìí rí."

Ó fi wọ́n sí i. Iwájú orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n ọkùnrin náà.

"Ẹ yẹra díẹ̀, ìyàwó," onífọ́tò wí.

Ó yẹra.

Ní òde, sájẹ́ǹtì ní, "Ó pè yín ní ìyàwó."

"Mo gbọ́."

"Ẹ ò já a ní koro."

"Ẹ̀yin náà ò já a."

Wọ́n rìn díẹ̀. "Ṣé kí n bèèrè," ọkùnrin náà wí, "àbí kí n dúró?"

Ọmọbìnrin náà dúró sójú kan. "Bí ẹ bá bèèrè, mo máa dáhùn. Bí mo bá sì dáhùn, mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fáìlì yín mọ́. Ẹbí kì í tún fáìlì ẹbí ṣe. Òfin wa nìyẹn."

"Ta ni wọ́n máa gbé e fún?"

"Jẹ́jẹ́."

Sájẹ́ǹtì mọ̀ nípa pẹ́ńsù. "Kí n dúró kí ìgbìmọ̀ jókòó tán?"

"Ẹ lè dúró. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ìdáhùn mi. Ẹni tó bá ti mọ̀ ti di ẹbí."

"Ó dáa. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ọ."

Bí wọ́n ṣe ṣíwọ́ pípe ara wọn ní ẹ̀yin nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ojú Àṣá sọ fún ọ̀gá ọ́fíìsì. Ọ̀gá gbé fáìlì náà, ó fi í síwájú Jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbẹ́ pẹ́ńsù Ojú Àṣá.

"O fi ọwọ́ ara rẹ gbé ọkọ rẹ fún ẹni tó ń bá a du ọ?" ìyá rẹ̀ kígbe. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ ní tòótọ́.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n kó fáìlì lọ fún ìgbìmọ̀. Òjò ń rọ̀ lórí páànù. Jẹ́jẹ́ dìde, ó wá síwájú tábìlì Ojú Àṣá, ó na fọ́tò sájẹ́ǹtì sí i láì jẹ́ kó gbà á.

"Kí lo rí?"

"Fọ́tò tó dáa."

"Tún un wò."

"Ó dúró ṣánṣán. Bàtà ń dán."

"Ojú rẹ̀ lò ń wò," Jẹ́jẹ́ wí. "Wo àyà."

Ó wò ó. Àmì ńlá ló yẹ kó wà nínú, níhà àárín àyà, kí kékeré wà lóde. Kékeré ló wà nínú. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi wọ́n sí i. Ó dojú kọ ọ́, ọ̀tún òun sì ni òsì ọkùnrin náà. Sájẹ́ǹtì mọ bó ṣe yẹ kó rí, ṣùgbọ́n irun orí ọmọbìnrin náà ló ń wò.

"Àgbà kan wà nínú ìgbìmọ̀," Jẹ́jẹ́ ní, "tó máa ń sọ pé ọmọ ogun tí kò mọ ẹ̀yẹ ara rẹ̀ í wọ̀, kò tíì tó gbé ga. Mo lè dá fáìlì dúró dọ̀la."

"O lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa dá ọ lẹ́bi."

"Màá dá ara mi lẹ́bi. Ẹni tó wù ọ́ lo yàn, Ojú Àṣá. Iṣẹ́ ni iṣẹ́." Ó gbé fọ́tò náà sórí tábìlì rẹ̀. "Èyí kì í ṣe ti fáìlì mọ́. O lè fọwọ́ kàn án."

Òun àti sájẹ́ǹtì padà sọ́dọ̀ onífọ́tò. Lọ́tẹ̀ yìí, òde ni Ojú Àṣá dúró sí.

Ìgbìmọ̀ jókòó. Wọ́n gbé sájẹ́ǹtì ga. Ìyá gbọ́, ó tún ẹsẹ̀ gbé lé ẹ̀rọ. Aṣọ ìyàwó ló ń rán. Nígbà tí wọ́n so wọ́n pọ̀, Jẹ́jẹ́ ló fọwọ́ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ó fara balẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀, kò kánjú.

Ọjọ́ ti lọ. Wọ́n ti wó ọ́fíìsì náà. Jẹ́jẹ́ ti di olóògbé. Sájẹ́ǹtì ti fẹ̀yìn tì, irun rẹ̀ funfun, etí rẹ̀ sì tún ti yọ síta.

Fọ́tò kejì wà nínú fáìlì, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò ó mọ́. Èyí àkọ́kọ́ wà lára ògiri yàrá wọn, àmì kékeré nínú, ńlá lóde.