Sípíkà Gíga Méjì fún Pálọ̀ Bàbá Boniface

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí ẹ sì yá mi ní etí yín. Ìtàn tí mo mú wá fún yín lónìí kì í ṣe ti ọba, kì í sì í ṣe ti ẹranko inú igbó. Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ yín ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó lọ ra sípíkà. Bí ẹ bá ń rò ó pé ìtàn wo ló wà nínú kí ènìyàn ra sípíkà, ẹ ṣáà ní sùúrù. Èmi náà kò kánjú.

Ìmísí ni orúkọ ọmọ náà. Ọ̀wọ̀ ló ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì wà nínú kọ́yà ìjọ Kátólíìkì wọn. Etí ọmọ yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín! Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ṣìnà orin láàárín ogójì akọrin, Ìmísí á ti yíjú sí ibi tí onítọ̀hún dúró sí kí ọ̀gá kọ́yà tó mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bàbá rẹ̀, Dominic, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní ilé ìwòsàn, fi pè é ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan.

"Ìmísí, ìwọ ni kí o lọ yan sípíkà Bàbá àgbà. Bright á bá ọ gbé e. Èyí tí etí rẹ bá mú ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tí ojú Bright bá mú."

Bàbá àgbà tí wọ́n ń sọ yìí ni Boniface, bàbá Dominic. Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ ló ń gbé. Àgbẹ̀ oníkòkó ni, òun ló sì darí kọ́yà ìjọ wọn níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Ìyàwó rẹ̀, Abigail, ti kú láti ọdún méjì sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kú. Ó ti dá orin ní ọjọ́ Ìkórè lọ́pọ̀ ọdún, wọ́n sì gbà á sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Dominic wá kó gbogbo rẹ̀ sínú fíláàṣì kékeré kan fún Bàbá. Rédíò pẹlẹbẹ kan ni Bàbá fi ń gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan, ó ní, "Dominic, inú agolo ni ìyá yín ti ń kọrin sí mi. Ṣé kò sí èyí tí mo lè fi gbọ́ ọ bí ẹni tó dúró síwájú mi?"

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú wọn ronú kan sípíkà gíga tó ń dúró nílẹ̀, èyí tó ga dé àyà ènìyàn, kí ohùn má baà máa ti ìsàlẹ̀ tábìlì jáde bí èkúté.

Ṣọ́ọ̀bù Tahir ní ọ̀nà Ìkàrẹ́ ni wọ́n lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Ìmísí ni Bright, akẹ́kọ̀ọ́ Pólì ni, ó sì fẹ́ràn ariwo bí ẹni pé ariwo ló ń bọ́ ọ. Oríṣi sípíkà méjì ni agbára wọn ká, méjì-méjì ni wọ́n sì ń ta oríṣi kọ̀ọ̀kan. Èkíní dúdú, ó tóbi bí kọ́bọ́ọ̀dù, iná pupa àti búlúù sì ń sáré yí ojú rẹ̀ ká. Èkejì rí tẹ́ẹ́rẹ́, pákó aláwọ̀ ilẹ̀ ni ara rẹ̀, kò ní iná, kò ní ọ̀ṣọ́. Ó kàn dúró jẹ́ẹ́ bí àlejò tí wọn kò tíì fún ní àga.

Tahir fi ohùn èkíní sókè. Háà! Gíláàsì ojú ṣọ́ọ̀bù ń gbọ̀n. Ọlọ́kadà méjì dúró lójú títì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí alùpùpù.

"Ó parí!" Bright pariwo. "Ẹ bá wa dì í!"

Ìmísí ní, "Bùọ̀dá Tahir, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín in kù."

"Kí n dín in kù kẹ̀? Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń dán sípíkà wò ní jẹ́jẹ́?"

"Bàbá àgbà mi kì í jó, sà. Wọ́n máa ń gbọ́ ọ ni."

Ó na fíláàṣì kan sí i, ẹ̀dà ti Bàbá tó wà nílé wọn. Wọ́n fi orin Màmá àgbà sí sípíkà oníná ní ohùn kékeré. Ìlù ló kọ́kọ́ jáde, gìrì, gìrì, lẹ́yìn náà àtẹ́wọ́. Màmá wà lẹ́yìn wọn níbi tó jìnnà, bí ẹni tó ń kọrin láti ilé kejì. Ìmísí ní kí wọ́n fi orin kan náà sí onípákó, kí ó má sì lọ sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó di ojú rẹ̀. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ó gbọ́ bí Màmá àgbà ṣe fa èémí sínú.

Ó la ojú. "Èyí ni, sà."

Tahir ṣí fìlà rẹ̀, ó ń wò ó. "Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń ta ẹ̀rọ níbí. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó wá ra sípíkà, tó ní kí n rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá tẹ́ Bàbá lọ́rùn, ẹ gbé e padà wá lọ́jọ́ Ajé, màá pààrọ̀ rẹ̀."

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń gbé wọn lọ sí Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, Bright kò dákẹ́. "Ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì la rà wálé yìí. Bàbá á máa fi ọ̀kan rìn, á máa fi èkejì lé ewúrẹ́." Awakọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìmísí wo ìta.

Nígbà tí wọ́n délé, Àǹtí Mojí, àbúrò Dominic tó ń tọ́jú Bàbá, ló gba ẹrù lọ́wọ́ wọn. Ẹ ṣáà mọ irú Àǹtí Mojí ní àdúgbò yín. Ohunkóhun tó bá wọlé rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bọ́ ọ̀rá tó wọ̀ wá láti ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rá wà lára àga, ó wà lára fíríìjì, ó wà lára aago ara ògiri. Ó tú páálí kúrò lára sípíkà, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rá sílẹ̀. Ó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ kọ̀rọ̀ ògiri lẹ́yìn àga gígùn, ó ta léèsì funfun bò wọ́n lórí, léèsì náà wálẹ̀ títí dé àárín wọn, ó sì gbé òdòdó oníke lé e. Inú rẹ̀ dùn. "Ẹ ò rí i bí pálọ̀ ṣe rí?"

Iná wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìmísí ki fíláàṣì bọ ara sípíkà, ó tan ẹ̀rọ. Màmá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, àmọ́ bí ẹni tó da bùláńkẹ́ẹ̀tì borí ni. Béèsì ń kùn ní igun ògiri, ọ̀rọ̀ orin kò yé ènìyàn. Bàbá na ọrùn síwájú, ó yí etí ọ̀tún, ó yí ti òsì.

"Ó dára, ọmọ mi. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú wàhálà."

Ó wá na ọwọ́, ó ń tá ràrà lórí tábìlì títí ó fi kan rédíò kékeré rẹ̀, ó sì gbé e sórí itan. Kò bínú, kò ráhùn. Ká ní ó tilẹ̀ bínú ni, ìbá sàn fún Ìmísí.

Bright fa Ìmísí jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ṣé o rí i? Ṣé o rí i báyìí? Gbọ́, má sunkún. Lọ́jọ́ Ajé a máa gbé e padà, a ó gba oníná. A máa sọ nílé pé èyí tí Tahir dì fún wa kọ́ la dán wò, pé ó fi ọgbọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Kò ní sẹ́ni tó máa bá ọ wí. Òun ni wọ́n máa bá wí."

Mo bi yín, ẹ̀yin ọmọ mi, kí lẹ̀ bá ṣe? Ojú ń ti Ìmísí. Bàbá rẹ̀ ti fọkàn tán etí rẹ̀, Bàbá àgbà sì ti padà sínú agolo. Irọ́ kékeré kan ṣoṣo ni yóò kó o yọ.

"Bùọ̀dá Bright, mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dì í. Wọn ò pààrọ̀ nǹkan kan. Mi ò lè pe ènìyàn ní olè torí pé ojú ń tì mí."

"Ó dáa. Nígbà náà lọ sọ fún Bàbá pé etí rẹ di."

"Etí mi ò di. Mo gbọ́ wọn ní ṣọ́ọ̀bù."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ohun kan náà ni sípíkà, orin kan náà ni. Kí ló wá yàtọ̀? Ní ṣọ́ọ̀bù, wọn kò fara ti ògiri. Wọ́n kọjú sí i tààrà. Wọn kò sì wọ nǹkan kan. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ síwájú Àǹtí Mojí.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bọ́ ọ̀rá àti léèsì ara sípíkà yìí, ká sì gbé wọn kúrò ní kọ̀rọ̀."

"Ọ̀rá kẹ̀? Kí eruku wọ̀ ọ́ kó bàjẹ́? Wo fíríìjì yẹn, láti ọjọ́ tá a ti rà á, ó wà nínú ọ̀rá rẹ̀, omi rẹ̀ sì ń tutù!"

"Fíríìjì kì í kọrin, mà."

Bàbá àgbà bú sẹ́rìn-ín láti orí àga rẹ̀. "Mojí, ọmọ yìí ti dá ọ lóhùn!"

Àǹtí Mojí pòṣé. "Bí kò bá yàtọ̀, màá wọ̀ ọ́ padà o, mo ti wí tèmi."

Wọ́n gbé sípíkà jáde síwájú àga gígùn, ó jìnnà sí ògiri tó apá ènìyàn kan. Ìmísí yí ojú wọn díẹ̀ sí ibi tí Bàbá jókòó sí. Nígbà tó ń bó ọ̀rá, Àǹtí Mojí gbójú kúrò, bí ẹni tí wọ́n ń fá lórí. Ìmísí tan ẹ̀rọ, kò fi ohùn sókè.

Èémí ló kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn náà, Abigail dúró nínú pálọ̀.

Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé ohùn náà kò ti ara sípíkà ọ̀tún jáde, kò ti ara ti òsì jáde. Àárín méjèèjì ló ti ń wá, níbi tí kò sí nǹkan kan. Bàbá tí kò ríran dáadáa gbé ojú sókè, ó sì kọ ọ́ sí àárín yẹn gan-an. Ó fi èdè Ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀, èmi ni mo ń sọ ọ́ báyìí kí ó lè yé gbogbo yín. Ó ní, "Abigail, ọ̀fìnkìn ń dà ọ́ láàmú lọ́jọ́ tí o kọ orin yìí, o ò sì sọ fún mi."

Nígbà tí ègbè dé, ó mú ohùn ọkùnrin tirẹ̀, ó gbè é fún un títí orin fi parí. Rédíò kékeré ti bọ́ sílẹ̀ lórí itan rẹ̀, kò mọ̀. Àǹtí Mojí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi etí ìró nu ojú.

Bright dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé. "Ìmísí, má bínú," ó ní. "Díẹ̀ ló kù kí n dá Màmá padà sí ṣọ́ọ̀bù."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyí. Nǹkan tó ń tàn tó sì ń pariwo kọ́ ló máa ń wúlò jù, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe fún yín. Bí ẹ bá sì yan ohun tó tọ́, tí nǹkan wá rújú, ẹ má fi irọ́ bo ìtìjú, ẹ má ti ẹ̀bi sí ọrùn aláìṣẹ̀. Ẹ wá ìdí rẹ̀. Ká ní Ìmísí ti gba irọ́ Bright ni, Tahir ìbá ti di olè lẹ́nu wọn, Bàbá ìbá sì máa gbọ́ ìlù láìgbọ́ ìyàwó rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Mojí fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí fún mi, nígbà tá a jọ ń sá kòkó, kò sì fi ibi tó ti jẹ̀bi pa mọ́ fún mi. Bí mo ṣe gbà á lẹ́nu rẹ̀ ni mo ṣe fi lé yín lọ́wọ́.