Ẹni Tó Wá Gba Fóònù ní Issaba

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wọ mọ́tò wá sí Sakété, kó béèrè ilé Martial olùkọ́, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri. Wọn yóò fi hàn án. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ṣílẹ̀kùn fún un, kó má bi í léèrè ọ̀rọ̀ fóònù.

Martial fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ ju bó ṣe yẹ kí ẹni tó láya fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, á di ẹrù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, á gùn ún fún ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún, á sùn níbi tí ilẹ̀ bá ṣú u sí. Lọ́dún yìí, oyún Huguette ìyàwó rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án. Gbogbo ẹbí ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Huguette nìkan ló ní kó máa lọ, àmọ́ ó fi ọ̀rọ̀ kan dè é: fóònù rẹ̀ kò gbọdọ̀ kú. Ìgbàkígbà tí òun bá pè, kó gbé e.

Ọkùnrin náà gbára dì. Ó ní dínámò ní àárín táyà iwájú, tí ń fún fóònù ní iná bí táyà bá ti ń yí. Ó ní pánò kékeré lórí ẹrù, tí ń gba iná lára oòrùn. Ó tún gbé páwábáǹkì tó ti kún láti ilé dání. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tó ń bọ̀ láti Kétu, ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dí. Ọyẹ́ bo oòrùn, pánò kò rí nǹkan gbà. Páwábáǹkì ti gbẹ láti àná. Ó gba ọ̀nà oko tó já sí Issaba, ilẹ̀ dúdú ibẹ̀ ti là, kò ṣeé sáré lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ dínámò kì í fún ẹni tó ń rọra lọ ní nǹkan kan. Kó tó wọ ìlú, fóònù ti kú fin-ín-fin-ín. Ẹ̀rù bà á.

Ìyá kan wà lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀, Màrúfátù, tí ń gba iná sí fóònù fún àwọn ará oko. Pánò ńlá mẹ́ta ló wà lórí òrùlé rẹ̀. Á kọ orúkọ olóhun sórí bébà, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ fóònù. Martial sọ orúkọ rẹ̀. Ìyá ní Martial méjì ti wà nílẹ̀, kó sọ orúkọ ilé.

"Kẹ́yìndé ni."

Ìyá gbé ojú sókè. "Táyé ń kọ́?"

"Ó lọ ṣẹ́gi."

Nílẹ̀ wa, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, a kì í sọ pé ó kú. A ní ó lọ ṣẹ́gi, kí èyí tó kù má baà tẹ̀ lé e. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n nígbà tí Táyé lọ. Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ Martial lẹ́nu débi pé kì í gbọ́ ohun tó ń sọ mọ́. Ìyá rọra mi orí, ó kọ Kẹ́yìndé sórí bébà, ó ki okùn bọ fóònù.

Ó ní yóò tó wákàtí kan. Martial lọ nà sábẹ́ igi máńgòrò lódìkejì. Ọ̀sán gangan ni. Wọ́n ti kórè àgbàdo tán, oko dákẹ́. Ẹyẹ kò ké. Nígbà tó yá, ó gbọ́ àáké lọ́nà jíjìn. Kó. Kó. Kó. Oorun gbé e lọ.

Nígbà tó padà, okùn wà nílẹ̀, kò sí fóònù lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní ìkejì rẹ̀ ti wá gbà á. Martial ní ìkejì wo. Ìyá ní Táyé ni, ta ni ì bá tún jẹ́? Ojú kan náà, irùngbọ̀n kan náà. Ó sọ ìdì igi kalẹ̀, ó fi àtàǹpàkò kan fóònù, fóònù sì ṣí. Kí ni òun ì bá tún máa bi í?

"Mo rò pé bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ lo ṣe sọ ọ́," ó wí. "Àṣé igi tòótọ́ lò ń wí."

Igi náà wà nílẹ̀. Tútù ni, oje ṣì ń jáde níbi tí àáké ti gé e. Martial jókòó sínú eruku. Ìyá wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu òun náà.

"Ìyá, ibo ló gbà?"

"Sakété. Ó ní ìyàwó òun ń pè."

Ó yá fóònù ìyá. Nọ́ńbà Huguette wà nínú fóònù tó lọ, kò há a sórí. Tirẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ó pe nọ́ńbà ara rẹ̀. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé e. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó ń gbọ́ èémí. Ó mọ èémí náà, nítorí ọdún mẹ́sàn-án ló fi sùn tì í lórí ẹní kan.

"Táyé," ó wí.

Wọ́n pa ìpè náà.

Bó ṣe gun kẹ̀kẹ́ dé Pobè, tó sì ti ibẹ̀ dé Sakété, kò lè sọ. Oòrùn ń wọ̀ nígbà tó délé. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Arlette aládùúgbò wọn, tó ń yan gàrí lọ́wọ́, ya ẹnu sílẹ̀. Ó ní ṣé kì í ṣe Martial fúnra rẹ̀ ló gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ilé ìgbẹ̀bí lọ́sàn-án ni? Ṣé ó gbàgbé nǹkan ni?

Inú ilé ìgbẹ̀bí ń rùn fún jáfẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi nu ilẹ̀. Huguette wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ wà láyà rẹ̀. Ọmọ yè. Ìyá rẹ̀ yè. Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé omi bọ́ lójú Martial. Ó na ọwọ́ sí wọn.

Huguette gbá ọmọ mọ́ra, ó sún sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri.

"Huguette, èmi ni."

Ó wò ó títí. Ojúgbà ni àwọn méjèèjì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, "o" ló máa ń fi bá a sọ̀rọ̀, kò pè é ní "ẹ" rí. Lọ́jọ́ náà, ó tẹ orí ba díẹ̀, bí ìyàwó ṣe ń ṣe níwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ.

"Ẹ kú àbọ̀, ẹ̀gbọ́n," ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹ má bínú. Bàbá ọmọ ní kí n má gbé e fún yín."